Kí O Tó Ra Ọkọ̀ Eré-Ìje Àlòkù Tí Kò Wọ́pọ̀

Bí a bá wo dídùn ifọ̀n, a ó họ ara dé egungun. Òwe yìí bá ẹni tí ó fẹ́ ra mọ́tò olówó ńlá wí. Jẹ́ kí n fi ọkọ̀ kan tí mo fẹ́ràn ṣe àpẹẹrẹ fún ọ: Porsche 911 Carrera RS 2.7 tí wọ́n ṣe ní Jámánì láàrin ọdún 1972 sí 1973.

Ẹyọ 1,580 péré ni wọ́n ṣe, nítorí náà ó wọ́n gidigidi. Àwọn ẹlẹ́tàn a máa mú 911 lásán, wọn a fi ìrù pẹ́pẹ́yẹ sí ìdí rẹ̀, wọn a kọ Carrera sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn a ní RS ni.

Kí ni ìwọ yóò wò? Èkíní, nọ́ńbà ara ọkọ̀: 911360 ni ó gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Fi ọwọ́ pa ibẹ̀ wò, bóyá wọ́n gé e láti ara ọkọ̀ mìíràn, tí wọ́n jó o mọ́ ọn. Èkejì, wo ẹ́ńjìnnì: 911/83 ni irú tirẹ̀. Ẹ̀kẹta, bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, bóyá irin ti dógùn-ún. Ẹ̀kẹrin, ka ìwé rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín.

Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán ọ lójú. Ẹni tí ó ra ayédèrú ti pàdánù owó. Bí ó bá sì fẹ́ gba owó náà padà, àfi kí òun náà purọ́ fún ẹlòmíràn.