Ẹni tí Akọ̀wé Mọ̀

Gbólóhùn kan wà tó máa ń ṣáájú àkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú ní Jámánì láyé àtijọ́, láti ọjọ́ kìíní ọdún 1876 tí ìjọba ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì jákèjádò ilẹ̀ wọn. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sórí fọ́ọ̀mù: pé lónìí, lágbájá wá síwájú akọ̀wé tó fọwọ́ sí ìwé yìí. Àlàfo kékeré kan wà níbẹ̀ tí akọ̀wé yóò ti kọ bó ṣe mọ̀ pé ẹni náà ni ẹni náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ń kọ síbẹ̀ kò ju pé òun mọ̀ ọ́n. Nísàlẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ pé wọ́n ka ìwé náà sókè, pé ẹni tó wá gbà bẹ́ẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé á fa àgbélébùú mẹ́ta.

Kíka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Ilé wa ní Ali Kazaure, ní Jos, ni mo ti ń ṣe é, lórí kọ̀ǹpútà, fún àwọn tí baba ńlá wọn jẹ́ ará Jámánì. Àwọn aládùúgbò máa ń bi mí pé kí ló pa Jámánì pọ̀ mọ́ Jos. Mo máa ń rán wọn létí pé ọmọ Jámánì ni Karl Kumm, tó kó àwọn míṣọ́nnárì wá sí Wase ní 1904, tí ìjọ COCIN sì ti ara iṣẹ́ wọn jáde. Ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ràn ọwọ́ ìkọ̀wé wọn àtijọ́, tí lẹ́tà e rẹ̀ jọ n, tí wọ́n sì ní láti fi àmì tẹ́ẹ́rẹ́ kan dé u lórí kí òun náà má baà jọ n. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá tíì mọ́ ọn yóò ka orúkọ obìnrin kan, yóò sì sọ ọ́ di ẹlòmíràn.

Àlàfo kékeré yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé ìwé Jámánì kì í purọ́. Àṣé bí ènìyàn bá tú u dé ìdí, ẹnu ni yóò bá níbẹ̀. Agbẹ̀bí wá, ó ní lágbájá bí ọmọkùnrin ní aago méjì òru. Akọ̀wé mọ agbẹ̀bí. Ó kọ ọ́. Ó parí. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, adájọ́ kò ní bèèrè ẹ̀rí mìíràn mọ́.

Ohun tó mú mi ro ọ̀rọ̀ Gerson Liebl ní àròtúnrò nìyẹn. Ará Tógò ni. Baba bàbá rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba Jámánì nígbà tí Tógò ṣì wà lábẹ́ wọn, ó sì gbé Kokoè Edith Ajavon níyàwó ní Aneho ní 1908, ní ìlànà ìbílẹ̀. Láti àwọn ọdún 1990 ni ọmọ-ọmọ yìí ti ń bá Jámánì fà á pé ọmọ ilẹ̀ wọn ni òun. Ìgbéyàwó yẹn ni ọ̀rọ̀ há sí: kò wáyé níwájú akọ̀wé Jámánì, nítorí náà lójú òfin wọn kì í ṣe ìgbéyàwó, ọmọ tí a sì bí láìsí ìgbéyàwó nígbà náà kò lè di ará ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Mo wá ń ro àwọn tó pé jọ ní Aneho lọ́jọ́ náà, àwọn àgbà ilé ìyàwó, àwọn tó gba ẹrù ìdána. Wọ́n mọ ọkọ, wọ́n mọ ìyàwó. Ká ní wọ́n ní kí wọ́n fa àgbélébùú mẹ́ta, wọn ì bá fà á.

Kí n tó mọ̀, ọkàn mi ti kúrò ní Aneho, ó ti dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Nígbà tí mo fẹ́ wọ yunifásítì, wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá. Jos ni wọ́n bí mi sí, Jos ni wọ́n bí bàbá mi sí. Irú wa pọ̀, ọmọ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà tí òwò àti rélùwéè gbé dé ìlú tánńganran yìí. Ìwé ìbí mi wà lọ́wọ́, ti bàbá mi náà wà. Ọ̀gá tó jókòó sẹ́yìn tábìlì ní káńsù tibí kò tilẹ̀ ṣí wọn. Ó ní kí n lọ gbà á nílé wa. Ilé wo? Mi ò tíì sun Ògbómọ̀ṣọ́ rí.

Mo lọ. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí pèpéle agbo ilé wa, wọ́n ń fi ọ̀bẹ bó orógbó. Mo kúnlẹ̀, mo na ìwé ìbí mi sí wọn. Wọn ò gbà á. “Ọmọ ta ni ọ́?” Mo dárúkọ bàbá mi, wọn ò mọ̀ wọ́n. Mo dárúkọ bàbá bàbá mi, wọ́n wò mí díẹ̀. Wọ́n wá ní, “Báwo ni ìyá rẹ àgbà ṣe máa ń kì ọ́?” Ìyá mi àgbà, tí Jos ni wọ́n kú sí, tí ibẹ̀ náà la sin wọ́n sí, kì í jẹ́ kí n kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀ kí wọ́n má kì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mi ò tíì dé ìdajì tí bàbá ti gbà á lẹ́nu mi, wọ́n ju ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n ń kì í lọ ràì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n pe akọ̀wé kan pé kó bá àwọn kọ lẹ́tà sí káńsù. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ní kó kọ ni pé àwọn mọ̀ mí.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fi ìtàn yìí yangàn, pé oríkì ṣe ohun tí ìwé kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Liebl, nǹkan mìíràn hàn sí mi. Ọ̀gá ẹ̀yìn tábìlì yẹn náà mọ̀ mí. Ọmọ àdúgbò ni wá. Ó mọ bàbá mi, ó ti jẹun nílé wa. Bàbá tí kò rí mi rí ló wá kọ̀wé pé àwọn mọ̀ mí. Bàbá fẹ́ kí n jẹ́ tiwọn ni. Ìyẹn nìkan ló yàtọ̀. Lẹ́tà tí mo fi ayọ̀ gbà lọ́wọ́ wọn, tí mo tọ́jú sínú fáìlì bí ohun iyebíye, òun náà ló jẹ́rìí sí i pé n kì í ṣe ọmọ Jos. Ẹ̀rí kan náà tó ṣílẹ̀kùn lọ́hùn-ún ló tì í níbí. Ìjà ta ni onílẹ̀, ta ni àtìpó, wà lára ohun tó jó ìlú yìí ní 2001 àti ní oṣù kọkànlá 2008, tí iná náà dé Ali Kazaure. Òfin Nàìjíríà ti 1999 pàápàá, ní abala 25, òbí àti òbí àgbà ló fi ń mọ ọmọ ilẹ̀ yìí.

Àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ mi ní Jámánì mọ ibi tí irú èyí lè já sí. Nígbà tí òfin ọjọ́ keje oṣù kẹrin 1933 bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó di dandan kí òṣìṣẹ́ fi ìwé sọ irú ẹni tí òbí àgbà òun jẹ́, iṣẹ́ wíwá ìdílé búrẹ́kẹ́. Ìwé pélébé tí wọ́n ń pè ní Ahnenpass gba ìlú kan, pásítọ̀ tàbí akọ̀wé á sì lu òǹtẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníbàárà tó bá a nínú àpótí ìyá wọn àgbà ṣì ń fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ń mú iṣẹ́ mi yá, ìran mẹ́ta, mẹ́rin ti wà nílẹ̀ ní títò. Ọkàn mi kì í sì í balẹ̀ bí mo bá ń ṣí i, nítorí pé aládùúgbò kan wà tí òǹtẹ̀ tirẹ̀ kò pé.

Ọmọ mi náà ń múra àtiwọ yunifásítì báyìí. Ará Ọ̀fà ni ọkọ mi, ìyá ọkọ mi sì ti kọ́ ọmọ náà ní oríkì ilé wọn. Yóò lọ kúnlẹ̀ ní Ọ̀fà, mi ò ní dá a dúró, nítorí pé ilé rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, a ó kọ́kọ́ dé káńsù tibí pẹ̀lú àwọn aládùúgbò tó bá wa jáde ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, Bẹ̀rómù, Haúsá àti Ìgbò, kí wọ́n sọ ọ́ lójú akọ̀wé pé àwọn mọ̀ ọ́n. Bí akọ̀wé bá kọ̀, màá bẹ̀ ẹ́ kó kọ ìdí tó fi kọ̀ sílẹ̀, kó kọ déètì sí i, kó sì fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ kí ìwé náà wà níbẹ̀ de ẹni tó bá ń wá ìdílé wa.