Ìrìn Àjò Wa sí Ibi Omi Assop



Ní Sátidé tó kọjá, àbúrò mi fi mọ́tò rẹ̀ gbé èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa láti Kafanchan. A gba ẹsẹ̀ òkè Kagoro kọjá títí a fi dé ibi tí omi Assop ti ń já láti orí àpáta, lọ́nà Jọ́ọ̀sì. Àbúrò mi gbé dúróònù rẹ̀ dání, pẹ̀lú ìwé àṣẹ, kí ó lè ya àwòrán omi náà fún bàbá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n rìnnà mọ́.

Bí dúróònù ti balẹ̀, bátìrì rẹ̀ gbóná bí iṣu ààrò. Mo ní kí ó kì í bọ ihò iná sìgá mọ́tò kíá. Ó ní, “Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó tutù ná.” Ó kọ́kọ́ ṣíná mọ́tò, kí bátìrì mọ́tò má baà kú sí wa lọ́wọ́. Fóòtì 12 ni ihò náà ń gbé, ṣájà tí wọ́n ṣe fún bátìrì yẹn gan-an ló sì fi sí i. Ó ní bí agbára rẹ̀ bá pọ̀ jù, fíúsì á jó.

Ìgbà tí a ń padà ni mo bojú wẹ̀yìn: ọmọ mi ti fi aṣọ bo bátìrì tó ń gba iná, ó sì ti sùn lé e! Àbúrò mi dúró lójijì, ó yọ ọ́. Ó ní ọ̀kan tó wú ti gbiná mọ́ òun lọ́wọ́ rí.

Bàbá ti rí àwòrán náà. Wọ́n ní ìgbà wo la óò wá gbé àwọn?