Victor Uwaifo àti Èdè Ilé Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Yorùbá tí a jọ ń gbé ìlú Bìní,

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọmọ onílé ni n ó ti bẹ̀rẹ̀: olóògbé Victor Uwaifo, olórin tí a bí ní ìlú yìí ní 1941, tí ó sì kú ní 2021.

Ní kékeré, pákó pẹlẹbẹ àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú táyà kẹ̀kẹ́ ni ó fi ṣe gìtá àkọ́kọ́ fún ara rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó lọ sí Èkó, ó kàwé ní St Gregory's College àti ní Yaba College of Technology, ó sì bá ẹgbẹ́ Victor Ọláìyá lu gìtá. Àwọn ènìyàn wa gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Bìní ti gbà wá níhìn-ín.

Ní 1965 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó kọrin Gẹ̀ẹ́sì náà, ṣùgbọ́n èdè Ẹdó ni ó fi kọ "Joromi", ìtàn akọni tí ó lọ bá àwọn ẹ̀dá òde ọ̀run ja ìjàkadì. Orin yìí ni ó gba àwo wúrà fún un. Ẹni tí kò gbọ́ Ẹdó rárá ń jó o l'Ékòó.

Ẹ wá wò ó o. Àwọn ọmọ wa gbọ́ Ẹdó, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá ti ilé wá, a di ògbufọ̀ láàárín òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀! Àwọn òbí kan ní Yorùbá yóò dí ẹ̀kọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ẹdó kò dí Uwaifo lọ́wọ́: lẹ́yìn tí òkìkí rẹ̀ ti kàn, ó tún gboyè ní Yunifásítì Bìní, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀.

Àbíkẹ́yìn mi sọ pé àwọn ẹgbẹ́ òun ń fi Yorùbá òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fi "Joromi" sí i létí, mo sì sọ ìtàn ẹni tí ó kọ ọ́ fún un. Láti ọjọ́ náà, Yorùbá ni a ń sọ nídìí oúnjẹ alẹ́. Ẹ jẹ́ kí a gbìyànjú rẹ̀ nílé gbogbo wa. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.