Ta Ni Ó Tà Wọ́n?

Ní ọjọ́ Sátidé kan, a kó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa láti Abẹ́òkúta lọ sí Àgbádárìgì. Àwọn Júù a máa mú àwọn ọmọ wọn lọ sí Yad Vashem ní Jerúsálẹ́mù, kí wọ́n má baà gbàgbé mílíọ̀nù 6 ènìyàn wọn tí ìjọba Hitler pa. Àwa náà ní ibi tí ó yẹ kí àwọn ọmọ wa rí.

A wọ ilé Sèríkì Abass, níbi tí wọ́n ti ń há ẹrú mọ́ inú yàrá tóóró kí ọkọ̀ tó dé. Ọmọ ilẹ̀ Yewa ni Sèríkì náà; wọ́n ta òun pàápàá lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì ní kékeré. Ó padà dé, ó sì di olówò ẹrú. Lẹ́yìn èyí, a wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí Gberefu, a sì fẹsẹ̀ rin inú yanrìn títí a fi dé etí òkun, níbi tí ọ̀pọ̀ ti lọ tí wọn kò padà mọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí bú òyìnbó. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa wá bi mí pé, "Pásítọ̀ sà, ojú òkun ni ọkọ̀ òyìnbó dúró sí. Ta ló kó wọn dé etí omi? Ta ni ó tà wọ́n?"

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò purọ́. Mo ní, "Ọmọ mi, àwa náà ni." Mo rán wọn létí Ẹfúnróyè Tinúbú, Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ó ran Abẹ́òkúta lọ́wọ́ nígbà tí Dàhómì gbógun wá ní 1864, a sì ń gba Ìta Ìyálóde kọjá lójoojúmọ́. Ìyá yìí kan náà ló ṣòwò ẹrú ní Àgbádárìgì. Kì í ṣe àwọn ará Íṣímáẹ́lì ni wọ́n ju Jósẹ́fù sínú kòtò; àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Nígbà tí a ń bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo sọ ìtàn Samuel Àjàyí Crowther fún wọn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣóògùn ní 1821. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25, ó tún rí Afala ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta wa níhìn-ín. Inú wa dùn; orin ni a kọ délé.

Ọmọ ọ̀dọ̀ wa ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ọmọ ọdún 11 ni. A ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ ní abúlé pé yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọdún kan ti kọjá, omi pípọn àti abọ́ fífọ̀ ló ń ṣe. Ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn tún pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Oorun dá lójú mi lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé, èmi àti ìyàwó mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà, a sì mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sí Àgbádárìgì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá padà dé, ẹ wo inú ilé ìdáná yín: ọmọ ta ni ó wà níbẹ̀? Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.