Ilé Màmá Àgbà ní Ayétòrò

Kò sẹ́ni tó mú mi rìn. Àpèjúwe Màmá àgbà nìkan ni mo gbé dání: "Tí o bá ti sọ̀ nínú ọkọ̀ Igbókòdá, gba orí afárá pákó, kọ ẹ̀yìn sí odò, máa lọ síbi òkun. Ilé wa ló kẹ́yìn."

Ìlú yìí kì í ṣe ìlú lásán o. Lọ́dún 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ ẹ́ dó. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àpò kan náà ni wọ́n sì jọ ń ná. "Happy City" ni wọ́n ń pè é. Èmi ọmọ Àkúrẹ́, mo rò pé Màmá ń fọ́nnu ni.

Mo rìn títí. Àfi bí pákó ṣe tán lójijì! Òpó mélòó kan ló dúró sínú omi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni afárá yìí parí sí?"

Bàbá tó ń tún àwọ̀n ṣe náwọ́ sínú òkun, ó kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́.

Fóònù mi dún. Màmá ni.

"Ṣé o ti débẹ̀?"

"Mo ti débẹ̀, mà."

"Ta lo bá nílé?"

Mo wo omi.

"Wọ́n ti jáde, mà."