Olè Tí Kò Fọwọ́ Kan Àpò Wa

Àwa tí ń kọ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹni tí ń ná owó ní ìnákúnàá. Iṣẹ́ akọ̀wé ni a fi ń jẹun, iṣẹ́ olùkọ́ ìjọ ni a sì fi ń sin Olúwa. Síbẹ̀, ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, olè jà wá nígbà tí káàdì báńkì wa wà nínú àpò wa, tí ilẹ̀kùn wa sì wà ní títì. A kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè fi ti wa kọ́gbọ́n.

A ra aṣọ fún àwọn ọmọdé akọrin lọ́wọ́ ọlọ́jà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A tẹ nọ́ńbà ojú káàdì, ọjọ́ tí yóò parí iṣẹ́, àti nọ́ńbà mẹ́ta tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ dé, ó sì dára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́tà ọlọ́jà náà wọ inú í-meèlì wa pé àwọn olè ti wọ ibi àkọsílẹ̀ òun, wọ́n sì ti kó nọ́ńbà káàdì àwọn oníbàárà lọ. A tọwọ́ bọ àpò, a bá káàdì wa níbẹ̀, a sì wí nínú ọkàn wa pé, "Kí ni wọ́n wá kó?" A gbé lẹ́tà náà tì.

Ní òru ọjọ́ Àìkú, ìyá àwọn ọmọ jí wa. "Bàbá Dúró, kí ni ẹ ń rà ní agogo méjì òru?" Ọgọ́rùn-ún náírà péré ni ó kọ́kọ́ lọ, irú owó kékeré bẹ́ẹ̀ ni àwọn olè fi ń dán an wò bóyá káàdì ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí a tó rí awò ojú wa, ₦24,000 ti tẹ̀lé e. Ohun tí ó bà wá lọ́kàn jẹ́ jù ni pé owó ìkórè ìjọ wà nínú àkáǹtì kan náà, nítorí àwọn ará kan fi ránṣẹ́ sí wa kí a bá wọn jíṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé.

Nọ́ńbà fóònù tí ó wà lẹ́yìn káàdì ni a fi pe báńkì, wọ́n sì dí káàdì náà pa. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí ẹnìkan pè wá pé òṣìṣẹ́ báńkì ni òun. Ó mọ orúkọ wa, ó mọ nọ́ńbà mẹ́rin ìparí káàdì, ó sì ní kí a ka OTP tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún òun, kí òun lè dá owó wa padà. Ẹnu wa ti fẹ́ là kí ìyá àwọn ọmọ tó gba fóònù lọ́wọ́ wa. Ohun tí wọ́n jí lọ́dọ̀ wa ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí fún wa! Báńkì òtítọ́ kì í béèrè OTP tàbí PIN lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé àwọn òpè nìkan ni èyí ń bá. Ní ọdún 2018, àwọn olè wọ inú ètò British Airways, wọ́n sì ń gba nọ́ńbà káàdì bí àwọn èrò ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ra ìwé ọkọ̀. Ó kan oníbàárà tí ó ju 400,000 lọ; ní oṣù October 2020, àjọ tí ń ṣọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìlú Ọba bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn lé ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn oníbàárà wọ̀nyí kò ṣẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò ní ibi wọ̀. Ṣùgbọ́n ògiri ọlọ́jà lè lanu, kí alángbá sì wọ ilé tiwa.

Nítorí náà, bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ kà á ní ọjọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tẹ ìlà kankan nínú rẹ̀, nítorí àwọn olè ń kọ ayédèrú rẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n kó. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà káàdì, ẹ ní kí báńkì dí i pa, kí wọ́n sì fún yín ní òmíràn. Pípààrọ̀ PIN nìkan kò tó, nítorí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà òkèèrè kì í béèrè PIN tàbí OTP. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-àṣírí ìwọlé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ níbi gbogbo tí ẹ ti lò ó. Bí ó bá jẹ́ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù nìkan, ẹ máa ṣọ́ra fún ẹni tí yóò pè yín. Bí owó bá ti lọ, ẹ kọ ẹ̀sùn sí báńkì láìjáfara.

Ní ọjọ́ Ajé, a mú ₦24,100 láti inú owó oṣù wa dí àlàfo náà, a sì dúró níwájú àwọn àgbà ìjọ láti sọ gbogbo rẹ̀. Wọn kò bá wa wí. Ọ̀kan nínú wọn kàn béèrè pé, "Bí owó oṣù yín kò bá tíì wọlé ńkọ́?" A kò rí èsì fún wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, báńkì dá owó náà padà, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn wa. Àkáǹtì kékeré kan ni a fi ń rajà nísinsìnyí, iye tí a fẹ́ ná nìkan ni a sì ń fi sí i. Owó ìjọ kò tún sùn lọ́dọ̀ wa mọ́.

Kí Olúwa kí ó ṣọ́ ilé wa. Kí àwa náà má sì ṣe sùn nídìí ìṣọ́.