Ooru Tí A Kò Rí Iná Rẹ̀

(Erínjẹ, ìrọ̀lẹ́, nídìí iná tí wọ́n fi ń yan púpurú.)

ÀǸTÍ: Ṣẹ́gun, wọ́n ní ojú ọ̀run lo lọ ń wò ní South Africa. Kò sí ojú ọ̀run l'Érínjẹ ni?

ṢẸ́GUN: Ó wà, Àǹtí, ìkùukùu àti ọ̀rinrin ló bò ó. Orí òkè ni Sutherland tí mo lọ wà, ó tó 1,800 mítà, ibẹ̀ sì gbẹ táútáú. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń wá níbẹ̀ fi díẹ̀ kọjá pupa. Ojú wa ò rí i.

ÀǸTÍ: Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀ pé ó wà?

ṢẸ́GUN: Ẹ na ọwọ́ sí ẹyinná tí eérú bò yìí. Ṣé ẹ rí iná?

ÀǸTÍ: Rárá, àmọ́ ó ń jó mi lọ́wọ́.

ṢẸ́GUN: Òun náà nìyẹn, infrared ni wọ́n ń pè é. Gálásì kan wà, ìyẹn àgbájọ ìràwọ̀ rẹpẹtẹ, Fairall 9 lorúkọ rẹ̀. Orúkọ Tony Fairall, onímọ̀ ìràwọ̀ ní Cape Town, ni wọ́n fi pè é. Ihò dúdú tó wà láàárín rẹ̀ ń fa gáàsì mì. Gáàsì yẹn a gbóná, a tàn yòò. Eruku tó yí i ká á gba ìmọ́lẹ̀ náà, òun náà á gbóná, á wá máa ta infrared jáde.

ÀǸTÍ: Báwo ni eruku yìí ṣe jìnnà sí ihò náà tó? Ta ló ta okùn débẹ̀?

ṢẸ́GUN: Ọjọ́ ni wọ́n kà. Láàárín 1978 sí 1984, ìmọ́lẹ̀ àárín yẹn dín kù púpọ̀. Sátẹ́láìtì IUE ń wọ̀n ọ́n láti ojú sánmà, onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Ian Glass, ń wọn infrared láti Sutherland. Ní 1989, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Clavel àti Wamsteker, gbé èsì jáde: infrared náà dín kù, àmọ́ ó fi nǹkan bí 400 ọjọ́ gbẹ̀yìn.

ÀǸTÍ: Ìmọ́lẹ̀ rìn fún 400 ọjọ́ kó tó kan eruku nìyẹn!

ṢẸ́GUN: Bẹ́ẹ̀ ni o, 300,000 kìlómítà ló sì ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Eruku ò lè sún mọ́ ihò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ooru bá tó nǹkan bí 1,500 kelvin, gáàsì ló máa dà.

ÀǸTÍ: Ká ní wọ́n fi ọdún méjì sinmi ni, wọn ì bá ti pàdánù rẹ̀. Àwa tí ọ̀rinrin bo ojú ọ̀run wa ńkọ́?

ṢẸ́GUN: Ètò 2MASS ti ya gbogbo ojú ọ̀run ní infrared láti 1997 sí 2001. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sọ fún àbúrò wa tó ń ka físíìsì l'Ókìtìpupa kó wá bá mi lọ́la. Kó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dání, kó sì ra dátà.